Ọ̀gá Tó Fòfin De Àtúnsọ

Bí Ọ̀gá bá wúkọ́ ní àjà kẹta, gbogbo òṣìṣẹ́ àjà kejì á dìde dúró. Kì í ṣe pé òfin kan sọ bẹ́ẹ̀. Akọ̀wé kan ló dìde lọ́jọ́ kan láti lọ bu omi mu, ìgbà yẹn gan-an ni ikọ́ gbé Ọ̀gá lórí àtẹ̀gùn, ó bojú wọlé, ó rí ẹni tó wà ní ìdúró, ó sì ní, "Ẹni tó mọ iyì àgbà nìyí." Wọ́n gbé akọ̀wé náà ga lẹ́nu iṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó fẹ́ kí ikọ́ Ọ̀gá bá òun ní ìjókòó mọ́. Bí òtútù bá wá mú Ọ̀gá, iṣẹ́ ti dúró nìyẹn, nítorí ènìyàn kò lè máa dìde máa jókòó bí ẹni tó jókòó lé èèrà, kó tún máa tẹ̀wé.

Iṣẹ́ tí ìjọba gbé lé ilé iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ni òfin ọkọ̀ òfurufú. Òun ló ń ṣe àkóso pápákọ̀ òfurufú, òun ló sì ń dán àwọn tó ń kọ́ bí a ṣe ń wa bàálù wò kí ìwé àṣẹ tó tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ kò wa bàálù rí láyé rẹ̀. Ó ní ẹni tó ni ẹṣin kò ní láti mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ koríko. Ó yọ orúkọ ipò tí ìjọba fún un kúrò lára ilẹ̀kùn, ó fi lẹ́tà aláwọ̀ wúrà kọ ALÁṢẸ OJÚ SÁNMÀ síbẹ̀, ó sì máa ń wo àwọn ẹyẹ tó ń kọjá lójú fèrèsé bí ẹni tí wọn kò tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, bí ẹ ṣe rí i tí mo ń pe ọkùnrin tó tó báyìí ní "ó" dípò "wọ́n", ẹ má tíì pè mí ní aláìlẹ́kọ̀ọ́. Ẹ kà á dé ìparí ná.

Ó ní igbákejì kan. Orúkọ tí àwọn òṣìṣẹ́ fún un ni Bẹ́ẹ̀-ni-Ọ̀gá, nítorí ẹnu rẹ̀ kò gba ọ̀rọ̀ mìíràn. Láràárọ̀ ni yóò gbé tíì wọlé, tí yóò tẹ̀ ba, tí yóò sì ní, "Ọ̀gá, oòrùn ti yọ o."

"Ta ló ní kó yọ?"

"Ẹ̀yin ni, Ọ̀gá."

"Ó dáa. Jẹ́ kó máa ràn lọ."

Èmi kò fi kún un. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn, àwọn méjèèjì kì í sì í rẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá tún ní ìwà kan tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Bí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ńlá, ó máa ń di ojú rẹ̀ pinpin, kí ohun tí ojú ń rí má baà dí ohun tí ẹnu ń wí lọ́wọ́. Bí ó bá sì ti dijú, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Awakọ̀ rẹ̀ àtijọ́ já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, apá aṣọ yín ti wọnú tíì." Ní báyìí, táyà ni ọkùnrin náà ń yí kiri nínú ilé ìkẹ́rùsí.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ọ̀gá gun ilé ìṣọ́ gíga lọ lọ́jọ́ kan, níbi tí wọ́n ti ń fi rédíò darí àwọn bàálù. Obìnrin kan ló wà níbẹ̀, Ìyá Ilé Ìṣọ́ ni gbogbo ayé ń pè é, ó ti ń ṣe iṣẹ́ náà kí Ọ̀gá tó mọ̀ pé bàálù ní bírékì. Ọ̀gá gba máíkì lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní òun fẹ́ kí àwọn ọmọ òun lójú sánmà gbọ́ ohùn òun. Ó wo bàálù kékeré kan tó ń bọ̀ wá sí rọ́nwè, ìyẹn ọ̀nà gbọọrọ tí bàálù ń sáré lórí rẹ̀ kó tó fò, ó ní, "Ìwọ, dúró síbẹ̀. Má wọ rọ́nwè."

Ohùn awakọ̀ náà dáhùn pé, "Mo dúró síbí. N kò ní wọ rọ́nwè."

Ojú Ọ̀gá yí padà. "Ẹ gbọ́ ohun tó ń ṣe? Ó ń sín mi jẹ."

"Kì í ṣe yẹ̀yẹ́, sà," Ìyá Ilé Ìṣọ́ wí. "Àtúnsọ là ń pè é. Ẹni tá a bá fún láṣẹ lórí ọ̀rọ̀ rọ́nwè, dandan ni kó tún un sọ pa dà, kó sì dárúkọ ọkọ̀ ẹ̀. Ìyẹn la fi ń mọ̀ pé ohun tá a sọ ló gbọ́. Àwọn bàálù tó kù náà sì ń gbọ́ ọ, wọ́n á mọ ibi tí ẹnì kejì wà."

"Ṣé odídẹrẹ́ ni ìjọba gbà síṣẹ́ ni? Tí bàbá bá bá ọmọ wí, ṣé ọmọ á tún ìbáwí sọ fún bàbá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ọ̀gá," igbákejì dáhùn, lẹ́yìn náà ló rí i pé bẹ́ẹ̀ kọ́ ló yẹ kó sọ, ó sì yára tún un ṣe, "Rárá, Ọ̀gá, ìyẹn ni pé bẹ́ẹ̀ ni."

Lọ́jọ́ kejì ni àṣẹ jáde. A fi òfin de àtúnsọ. Awakọ̀ tó bá gbọ́ àṣẹ láti ilé ìṣọ́ yóò dáhùn báyìí pé, "A ti gbọ́, kí ọlá yín pẹ́." Kò gbọ́dọ̀ dárúkọ ọkọ̀ rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ fi ohunkóhun kún un. Ẹni tó bá ṣe àtúnsọ, wọn yóò gba ìwé àṣẹ rẹ̀. Ẹni tí kò tíì ní ìwé àṣẹ, kò ní rí i gbà láéláé.

Adìẹ bà lókùn, ara ò rọkùn, ara ò rọ adìẹ. Àwọn awakọ̀ ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá sọ ọ́ tán, wọ́n á na ọrùn wo ọ̀tún wo òsì kí wọ́n tó gbéra. Ọ̀gá ní ẹ̀rù òun ló ń bà wọ́n. Òótọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe irú ẹ̀rù tó rò.

Ẹ jẹ́ ká dé ilé rẹ̀ wàyí. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó rẹ̀, ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé. Bí dókítà bá pàṣẹ oògùn lórí fóònù, òun gbọ́dọ̀ tún un sọ, oògùn tí wọ́n ní kí òun fún ọmọ àti bó ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó, kí òun tó fọwọ́ kan abẹ́rẹ́. Ó ti kó ìwà náà wálé. Kò rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́ nílé yẹn kó má béèrè pé, "Kí ni mo sọ?" Ọmọ rẹ̀ tó bá ní "mo ti gbọ́", yóò ní, "Mo mọ̀ pé o létí. Kí lo gbọ́?"

Ní alẹ́ ọjọ́ tí àṣẹ náà jáde, ó ní, "Dádì, tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ lọ́la, ẹ bá mi ra búrẹ́dì àti ọṣẹ ìfọṣọ. Kí ni mo ní kẹ́ ẹ rà?"

"Mo ti gbọ́," Ọ̀gá dáhùn látẹ̀yìn ìwé ìròyìn.

Lọ́jọ́ kejì ó gbé ọṣẹ ìfọṣọ wálé, pẹ̀lú ọṣẹ ìwẹ̀. Wọ́n mu tíì lásán. Ìyàwó rẹ̀ gbé ọṣẹ ìwẹ̀ náà sínú àwo, ó sì gbé e síwájú rẹ̀ lórí tábìlì.

Ọmọ wọn àkọ́kọ́, obìnrin, wà lára àwọn tó ń kọ́ bí a ṣe ń wa bàálù. Láti kékeré ni kò ti ro iṣẹ́ mìíràn. Ó ti ṣe gbogbo ìdánwò ìwé, ó ku ti ẹnu àti ti fífò. Bí ènìyàn bá sì fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì nílé ẹ̀kọ́ náà, wọn yóò lé e, kò sí ẹ̀bẹ̀. Ọ̀gá ló máa ń ṣe ìdánwò ẹnu fúnra rẹ̀, nítorí ó ti tún ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ òfin òfurufú kọ gẹ́gẹ́ bí ó ṣe wù ú, òun nìkan ló sì mọ ìdáhùn.

Lọ́jọ́ ìdánwò ẹnu, ó jókòó sẹ́yìn tábìlì gígùn, fáànù ń fẹ́ sí i. Ọmọ rẹ̀ jókòó sórí àpótí níwájú rẹ̀. Olùkọ́ tó kọ́ ọ ní fífò dúró ti ògiri, Bẹ́ẹ̀-ni-Ọ̀gá sì ń da omi sínú ife.

"Akẹ́kọ̀ọ́," Ọ̀gá wí, bí ẹni pé wọn kò jọ jẹun àárọ̀, "kí là ń pè ní awakọ̀ aláṣẹ?"

"Òun ni awakọ̀ tí gbogbo ọ̀rọ̀ ọkọ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀, sà. Láti ìgbà tí ìrìn bá ti bẹ̀rẹ̀ títí ó fi parí, ọ̀rọ̀ tó bá sọ labẹ gé, ẹnikẹ́ni tí ì báà wà nínú ọkọ̀."

"Ẹnikẹ́ni?"

"Ẹnikẹ́ni, sà."

"Tó bá jẹ́ èmi ńkọ́?"

Ọmọ náà wo bàbá rẹ̀. "Ẹ máa de bẹ́líìtì yín ni, sà."

Olùkọ́ wo òrùlé. Ọ̀gá ní irọ́ ni. Ó ní awakọ̀ aláṣẹ ni ẹni tí ipò rẹ̀ ga jù nínú bàálù, ì báà tiẹ̀ jẹ́ pé ó ń sùn. Lẹ́yìn náà ó béèrè ohun tí pápákọ̀ ìsádi jẹ́.

"Ibi tí awakọ̀ ti yàn sílẹ̀ pé òun máa lọ ni, sà, tí ibi tó ń lọ kò bá ṣe é balẹ̀ sí."

"Ta ló sọ fún ẹ pé ibi tí mo wà lè má ṣe é balẹ̀ sí? Àfojúdi ni ọ̀rọ̀ yẹn. Mo ti pa á rẹ́." Ó mu omi. "Èyí tó kẹ́yìn. Ilé ìṣọ́ ní kó o dúró, kó o má wọ rọ́nwè. Kí lo máa fèsì?"

Gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá náà mọ ìdáhùn tí ó ń fẹ́. Ọmọ náà mọ̀ ọ́n jù wọ́n lọ. Ó la ẹnu, ìdáhùn tí wọ́n ti fi kọ́ ọ láti ọjọ́ kìíní nílé ẹ̀kọ́, àti láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti ń rán an níṣẹ́, ló jáde. "Mo dúró. N kò ní wọ rọ́nwè."

"O ti fìdí rẹmi," ni bàbá rẹ̀ wí. Bẹ́ẹ̀-ni-Ọ̀gá pàtẹ́wọ́, ó rí i pé òun nìkan ló ń pàtẹ́wọ́, ó sì ń fi ọwọ́ náà nu tábìlì.

Ó ku ẹ̀ẹ̀kan. Mínísítà ń bọ̀ wá ṣe àbẹ̀wò, Ọ̀gá sì ti pinnu pé bí ẹsẹ̀ Mínísítà bá ṣe ń kan kápẹ́ẹ̀tì pupa gẹ́lẹ́ ni bàálù ẹ̀kọ́ kan yóò gbéra, yóò fò kọjá lókè láti kí i. Ọmọ òun ni yóò wà á. Ìdánwò fífò rẹ̀ náà nìyẹn. "Bó o bá tún ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni sọ lórí rédíò lọ́jọ́ yẹn," ó wí fún un nílé, "bó tiẹ̀ jẹ́ èmi ni mo bí ẹ, o ò ní wa bàálù mọ́ láyé tí mo bá wà."

Ọmọ náà bá ìyá rẹ̀ ní ilé ìdáná láàárọ̀ ọjọ́ àbẹ̀wò. Kò sunkún, ṣùgbọ́n kò lè jẹun. Ìyá rẹ̀ bọ́ bàtà iṣẹ́, ó jókòó tì í.

"Mi ò ní sọ fún ẹ pé kó o ṣàìgbọràn sí bàbá ẹ," ó wí. "Mi ò sì ní sọ fún ẹ pé kó o pa èèyàn. Ìwọ lo máa wà níbẹ̀, èmi kọ́. Jẹ búrẹ́dì yìí."

Ó jẹ ẹ́. Ẹ̀rù ń bà á, ó sì fẹ́ràn bàbá rẹ̀, ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà le nìyẹn.

Ní pápákọ̀, Ọ̀gá wọ aṣọ tí ọwọ́ rẹ̀ ń wọ́lẹ̀. Ó gun ilé ìṣọ́ lọ láti fi ohùn ara rẹ̀ mú Mínísítà balẹ̀. Bàálù méjì ló ń bọ̀. Ọ̀kan gbé Mínísítà. Èkejì gbé òròmọdìẹ, ọ̀pọ̀lọpọ̀ àpótí òròmọdìẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin, tí kò sì fẹ́ ooru. Nítorí ooru yìí ni awakọ̀ ọkọ̀ adìẹ fi ń kánjú, tí ó sì ti wà níwájú.

Ọ̀gá kì í fi orúkọ tàbí nọ́ńbà pe bàálù lórí rédíò. Ó ní nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pe ẹlẹ́wọ̀n. Ó dijú. "Ẹ̀yin ọmọ mi," ó wí, "ẹ̀yin tí ẹ ń fò lábẹ́ òjìji mi, tí atẹ́gùn ń gbé yín nítorí pé mo gbà kó gbé yín, ẹ káàbọ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ balẹ̀, kó máa bọ̀ wá sí iwájú ilé, níbi kápẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá tẹ̀ lé e, kó kọjá sí òdìkejì rọ́nwè, lọ́dọ̀ àwọn panápaná."

Nítorí pé, ẹ̀yin èèyàn mi, ta ni yóò gbójú gbóyà balẹ̀ ṣáájú Mínísítà? Ọ̀gá kò tilẹ̀ ro pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lè ṣẹlẹ̀. Ìyá Ilé Ìṣọ́ na ìka sí ojú fèrèsé. Ó tún na ọwọ́ sókè bí ọmọ ilé ìwé. Ọ̀gá ti dijú.

Àwọn awakọ̀ méjèèjì dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan pé, "A ti gbọ́, kí ọlá yín pẹ́." Bí ó bá jẹ́ tẹ́lẹ̀ ni, ọ̀kan ì bá ní, "Ọkọ̀ adìẹ ni, mò ń bọ̀ wá síbi kápẹ́ẹ̀tì," ọ̀rọ̀ ì bá sì ti parí síbẹ̀.

Ọ̀gá lajú. Ìyá Ilé Ìṣọ́ ní, "Sà, ọkọ̀ tó..."

"Ìwọ ni gbogbo ìgbà. Ojú ẹ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín lónìí. Sọ̀ kalẹ̀, kó o lọ bá wọn mú òdòdó dání."

"Sà, mi ò lè fi ibí sílẹ̀. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa wo rọ́nwè."

"Igbákejì mi á wò ó. Tí ilẹ̀kùn bàálù Mínísítà bá ti ṣí, kó ní kí ọmọ mi gbéra. Ọgbọ́n wo ló wà níbẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ọ̀gá," Bẹ́ẹ̀-ni-Ọ̀gá wí, ó sì di máíkì mú bí ẹni tí wọ́n gbé ẹyin lé lọ́wọ́. Wọ́n fi tipátipá mú Ìyá Ilé Ìṣọ́ sọ̀ kalẹ̀.

Àwọn bàálù méjèèjì balẹ̀. Ọkọ̀ adìẹ yà síwájú ilé, ó dúró ní etí kápẹ́ẹ̀tì. Ti Mínísítà kọjá sí òdìkejì rọ́nwè, ó dúró níwájú ọkọ̀ panápaná kan. Ọ̀gá kò rí èyí, nítorí ó ti dé orí pèpéle, ó sì ti dijú.

Kò pẹ́ tí rédíò fi dún nínú ilé ìṣọ́. "Ilé ìṣọ́, ọkọ̀ Mínísítà ni. Aṣọ tí àwọn panápaná sá nìkan la rí níbí. Mínísítà ń béèrè ibi tí àwọn tó wá pàdé wọn wà."

Òógùn bo Bẹ́ẹ̀-ni-Ọ̀gá. Kò sí ẹni tí yóò bi léèrè. Ó wí pé, "Ẹ máa bọ̀. Ẹ máa bọ̀ kíákíá, ẹ gba ọ̀nà tó yá jù."

"A ti gbọ́, kí ọlá yín pẹ́." Ọ̀nà tó yá jù gba àárín rọ́nwè.

Ìgbà náà gan-an ni ilẹ̀kùn bàálù tó wà níbi kápẹ́ẹ̀tì ṣí. Bẹ́ẹ̀-ni-Ọ̀gá rántí iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Ilẹ̀kùn ti ṣí, àbí kò ṣí? Wọn kò sọ fún un pé kó wo ohun tó ń jáde. Ó ní, "Ọmọ Ọ̀gá, máa gbéra lọ."

Ọmọ náà wà ní ìparí rọ́nwè, ẹ̀rọ ọkọ̀ ti ń dún, olùkọ́ rẹ̀ jókòó tì í. Gbólóhùn tí wọ́n ní kó sọ wà lẹ́nu rẹ̀. Ó wo olùkọ́. Olùkọ́ ní ọmọ mẹ́ta nílé, ó yíjú sí fèrèsé. Ó ro bàbá rẹ̀, ó ro gbogbo ọdún tó ti fi kọ́ṣẹ́, ó rí i bí ẹni pé ó ń fọwọ́ ara rẹ̀ ju gbogbo rẹ̀ nù. Ó sì tẹ bọ́tìnnì rédíò.

"Ọkọ̀ ẹ̀kọ́ ni. Ẹ ní kí n máa gbéra lọ. Mò ń gbéra lórí rọ́nwè báyìí."

Olùkọ́ mí kanlẹ̀. Bàálù náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

Nínú ọkọ̀ Mínísítà, awakọ̀ gbọ́ ọ. Ó tẹ bírékì dé ìdí. Ife omi tó wà lọ́wọ́ Mínísítà dà sí i láyà. Imú bàálù wọn ti yọ sí etí rọ́nwè. "Ọkọ̀ ẹ̀kọ́, dúró! Àwa la wà lẹ́nu rọ́nwè yìí."

"Ọkọ̀ ẹ̀kọ́ dúró," ọmọ náà dáhùn, bàálù kékeré náà sì dúró lóòótọ́, ní ibi tí ó ti lè rí ojú awakọ̀ kejì dáadáa. Olùkọ́ gbé ọwọ́ lé e léjìká, kò sì gbé e kúrò fún ìgbà pípẹ́.

Awakọ̀ Mínísítà ní òun kò ní sún ọkọ̀ náà síwájú mọ́ láìjẹ́ pé òun gbọ́ ohùn ẹni tó mọ iṣẹ́. Ìyá Ilé Ìṣọ́ ti ju òdòdó nù, ó ti ń sáré gun àtẹ̀gùn. Mínísítà, bàbá arúgbó tẹ́ẹ́rẹ́ kan, sọ̀ kalẹ̀, ó bẹ àwọn panápaná pé kí wọ́n gbé òun. Ìyá Ilé Ìṣọ́ fún wọn láyè, wọ́n tún un sọ pé àwọn ń kọjá, wọ́n sì kọjá.

Ẹ wá wo Ọ̀gá lórí pèpéle. Àpótí òròmọdìẹ ti kún orí kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń ké ṣíoṣío. Gbogbo òṣìṣẹ́ rí wọn. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ já lu ọ̀rọ̀, nítorí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ lọ yí táyà.

"Ẹ̀yin ẹni ọ̀wọ̀," Ọ̀gá ń wí, "bí mo ṣe rí ìtànṣán ojú yín, ẹ̀rí fi hàn mí pé ìran olókìkí ni yín. Mo ń gbọ́ ohùn yín tó ń kùn nítorí ayọ̀. Ẹ má sọ̀rọ̀ mọ́, ó tó bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti gba ipò yìí, bàálù kan kò forí sọ bàálù mìíràn láìgba àṣẹ lọ́wọ́ mi."

Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n, àmọ́ òròmọdìẹ kún ún. Ọ̀kan bọ́ láti inú àpótí, ó gun orí bàtà Ọ̀gá, ó sì ṣe ohun tí òròmọdìẹ máa ń ṣe. Ọ̀gá rò pé ẹnì kan ń nu bàtà òun, ó ní, "Má ṣèyọnu."

Nígbà tí ó lajú láti gba àtẹ́wọ́, ọkọ̀ panápaná ló rí, àti Mínísítà tí àyà rẹ̀ tutù, tó dúró láàárín àwọn àpótí, tó sì ti ń gbọ́ ọ láti ìgbà díẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ yín dùn," Mínísítà wí. "Wọ́n sọ fún mi pé ó kù díẹ̀ kí bàálù kan gbá mi lórí rọ́nwè yín. Ọmọ kan ló tún àṣẹ sọ lórí rédíò, ìyẹn ni awakọ̀ mi gbọ́ tó fi dúró. Mo bi awakọ̀ mi pé kí ló dé tí òun náà ò tún tiẹ̀ sọ. Ó ní wọ́n ti fòfin dè é níbí. Ṣé òótọ́ ni?"

Ọ̀gá ń wo bàtà rẹ̀. Mínísítà yíjú sí igbákejì, tó ti sọ̀ kalẹ̀ láti ilé ìṣọ́, tó ń gbìyànjú láti fara pamọ́ sẹ́yìn òdòdó.

"Ṣé ọ̀gá yín yìí ló fòfin dè é?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ọ̀gá," ni Bẹ́ẹ̀-ni-Ọ̀gá wí. Ó tẹ̀ ba. Gbólóhùn náà kò yí padà, olówó rẹ̀ nìkan ló yí padà.

Mínísítà kò pariwo. Ó ní kí àtúnsọ padà sẹ́nu iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ó ní kí Ìyá Ilé Ìṣọ́ máa ṣe àkóso ibẹ̀ títí ìjọba yóò fi rí ẹlòmíràn. Ó ní kí Ọ̀gá kó ẹrù rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, kó má sì padà wá.

Ọ̀gá la ẹnu láti gbèjà ara rẹ̀. Ohun tó ti fi kọ́ gbogbo ayé ló jáde lẹ́nu tirẹ̀ náà. "A ti gbọ́," ó wí, "kí ọlá yín pẹ́."

Ó lọ kó ẹrù. Bí ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú páálí lọ́wọ́, ikọ́ gbé e ní ẹnu ọ̀nà àjà kejì. Kò sẹ́ni tó mira. Ẹnì kan ṣoṣo ló dìde, akọ̀wé àkọ́kọ́ yẹn, ojú Ọ̀gá sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tàn. Akọ̀wé náà mú ife rẹ̀, ó lọ bu omi mu.

Ẹlòmíràn ló tún ìdánwò ṣe fún ọmọ náà, pẹ̀lú ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe wà kí bàbá rẹ̀ tó fọwọ́ kàn wọ́n. Ó yege. Ọjọ́ tí ìwé àṣẹ dé, ó gbé e wá sílé, ó fi han ìyá rẹ̀, lẹ́yìn náà ó gbé e síwájú bàbá rẹ̀. Bàbá wò ó títí. Kò rí ọ̀rọ̀ ńlá sọ, kò sì dijú. Ó ní, "O ṣe é." Omi wà lójú rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ló ní dandan, ìrìn àkọ́kọ́ tí ọmọ náà bá fi ìwé àṣẹ rẹ̀ rìn, àwọn méjèèjì ló máa gbé. Bàálù kékeré ni. Ìyá jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ, bàbá sì jókòó sẹ́yìn, orúnkún rẹ̀ kan àyà. Kò tíì jókòó dáadáa tó fi bẹ̀rẹ̀.

"Tá a bá ti gòkè, yà sí ọ̀tún díẹ̀, kí àwọn ará ilé iṣẹ́ mi àtijọ́ lè rí..."

"Dádì," ọmọ náà wí, kò yíjú, ó ń wo àwọn aago tó wà níwájú rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ de bẹ́líìtì yín. Ẹ má fọwọ́ kan ilẹ̀kùn. Ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ títí tá a fi máa gòkè tán."

"Mo ti gbọ́."

Bàálù náà kò kúrò lójú kan. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ń wo ìta. Ó wo ẹ̀yìn orí ọmọ rẹ̀.

"Kí lẹ gbọ́, Dádì?"

Ọkùnrin tó jẹ́ Aláṣẹ Ojú Sánmà nígbà kan rí nawọ́ mú bẹ́líìtì. "Kí n de bẹ́líìtì mi," ó wí. "Kí n má fọwọ́ kan ilẹ̀kùn."

"Ó ku ẹyọ kan."

"Kí n dákẹ́."

"Ẹ ṣé, sà," ni awakọ̀ aláṣẹ wí. Ó tẹ rédíò, ó tọrọ àyè, wọ́n fún un, ó tún un sọ, wọ́n sì gbéra.